Ohun Tí Fíúsì Kò Lè Rí: Yíyan Ẹ̀mú fún Iṣẹ́ Rédíò Ọkọ̀

Orin àti ijó ni ó bí Festac Town. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ń palẹ̀ mọ́ de àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú gbogbo àgbáyé, èyí tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ sí ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé ọdún 1977, ni wọ́n kọ́ ìlú náà kí àwọn olórin, oníjó àti òṣèré tí ń bọ̀ láti ibi gbogbo lè rí ibi wọ̀ sí. Àjọ̀dún parí, àlejò padà sílé, ṣùgbọ́n ìlù kò dákẹ́. Lónìí, inú ọkọ̀ ni púpọ̀ nínú ìlù náà ti ń dún. Ẹni tí ó bá dúró lẹ́bàá First Gate ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì lè fi àyà rẹ̀ gbọ́ pé ọkọ̀ kan ń bọ̀ kí ó tó fi ojú rí i.

Ohun èlò rẹ̀ kò sì jìnnà. Ọjà Alaba, tí a mọ̀ káàkiri fún ohun èlò oníná, wà ní Òjó nítòsí. Ní Trade Fair tí ó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Badagry ni ẹgbẹ́ àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ASPAMDA, ní ọjà tiwọn. Ọ̀dọ́ tí owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè jáde láàárọ̀, kí ó sì ti ra rédíò, amplifáyà, sípíkà àti wáyà kí oòrùn tó wọ̀. Ohun tí kì í sábà sí nínú ẹrù ọjà náà ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí: ẹ̀mú méjì tí yóò so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èkíní ni ẹ̀mú ìbówáyà, tí a fi ń bó èèpo rọ́bà kúrò lára wáyà. Sítírípà ni àwọn ọlọ́jà ń pè é. Èkejì ni ẹ̀mú ìtẹ̀wáyà, tí a fi ń tẹ tẹ́mínà mọ́ ẹnu wáyà títí àwọn méjèèjì yóò fi di ọ̀kan. Krímpà ni wọ́n ń pe èyí.

Púpọ̀ nínú wa ni ó ti rí bí a ṣe ń ṣe é láìsí wọn. Eyín tàbí abẹ ni a fi bó wáyà, ọwọ́ ni a fi lọ́ ọ mọ́ èkejì, téèpù dúdú ni a fi wé e, orin sì dún. Nítorí pé orin dún, a gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́: ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Kí ni fíúsì ń ṣọ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́kàn lé fíúsì pé bí nǹkan bá bàjẹ́, yóò gba àwọn là. Iṣẹ́ fíúsì ni láti já nígbà tí iná tí ń kọjá bá ju òṣùwọ̀n tí a kọ sí i lára lọ. Bí wáyà ńlá tí ó ti ara bátìrì wá bá fara kan irin ọkọ̀, iná púpọ̀ yóò ya gba ibẹ̀ lójijì, fíúsì yóò sì já. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé e sí itòsí bátìrì, kí ó má jìnnà sí i ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Wáyà ni ó ń ṣọ́ ju amplifáyà lọ.

Ẹ wá wo oríkèé wáyà tí kò dì dáadáa. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò gbé e yẹ̀ wò. Ká ní amplifáyà kan ń fa áńpíà 50 nígbà tí orin bá gbóná, tí fíúsì rẹ̀ sì jẹ́ ti áńpíà 60. Ká tún ní oríkèé kan tí a fi ọwọ́ lọ́ ń dí iná lọ́wọ́, tí ìdíwọ́ náà kò ju ìdá kan nínú 100 óòmù lọ. Bí a bá fi 50 sọ 50 di púpọ̀, 2,500 ni. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, yóò ku 25. Wáàtì 25 ni ooru tí yóò máa jáde ní ojú ibi kékeré yẹn, irin kékeré tí àwọn tí ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ òjé kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni ooru náà wà, tàbí ẹ̀yìn àga tí àwọn ọmọ jókòó sí, téèpù àti rọ́bà ni ó sì yí i ká. Fíúsì ńkọ́? Áńpíà 50 ni ó rí. 50 kò tó 60, nítorí náà kò sí ohun tí yóò mú un já. Kò mọ ooru oríkèé tí ó wà lọ́nà jíjìn sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbóòórùn rọ́bà tí ń jó.

Orin pàápàá yóò pín nínú ìyà náà. Ní ojú oríkèé kan yẹn, ìdajì fóòtì ti sọnù kí iná tó dé ọ̀dọ̀ amplifáyà. Ìdí nìyẹn tí wúfà olówó ńlá fi máa ń dún bí agolo nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, tí ẹni tí ó ni ín yóò sì máa bú ẹni tí ó tà á fún un. Bí oríkèé bá sì ti ń gbóná ni bàbà rẹ̀ ń dúdú, bí ó ti ń dúdú ni ó ń dí iná lọ́wọ́ sí i, tí ooru náà ń pọ̀ sí i. Kí a má tíì sọ ti afẹ́fẹ́ ọ̀sà, tí ó ń sọ ojú bàbà di àwọ̀ ewé, àti kòtò ojú ọ̀nà tí ń gbọn ọkọ̀ jìgìjìgì lójoojúmọ́.

Kókó ọ̀rọ̀ mi nìyí: fíúsì kò lè ṣọ́ oríkèé. Ọjọ́ tí a bá ń ṣe oríkèé ni a ń dáàbò bò ó, ẹ̀mú tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣe é ni ó sì ń dáàbò bò ó. Nítorí náà, owó ẹ̀mú ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀, kí a tó ka iye wáàtì amplifáyà.

Bíbó láìgé fọ́nrán

Wáyà ọkọ̀ kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Fọ́nrán bàbà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó para pọ̀ di ọ̀kan bí ìgbálẹ̀. Bí wáyà bá ní fọ́nrán 19, tí abẹ sì gé 5 nínú wọn nígbà tí a ń bó o, a ti sọ ohun tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ lọ nù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn fọ́nrán mìíràn kò ní gé tán. Wọn yóò kàn lọ́gbẹ́, gbígbọ̀n ọkọ̀ yóò sì parí rẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ohun tí a ń wá lára ẹ̀mú ìbówáyà kò ju èyí lọ: kí ó gé èèpo, kí ó má sì fara kan bàbà.

Irú mẹ́ta ni ẹ ó bá pàdé lọ́jà. Èkíní ni èyí tí ó ní ihò kéékèèké lẹ́nu, tí a kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan. Kò wọ́n, kì í tètè bàjẹ́, ó sì dára fún wáyà sípíkà àti wáyà ẹ̀yìn rédíò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ nọ́ńbà wáyà rẹ̀ ni ó lè lò ó. Nínú òṣùwọ̀n AWG ti àwọn ará Amẹ́ríkà, bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré ni wáyà ṣe ń nípọn: 16 AWG jẹ́ nǹkan bí 1.3 mm², 8 AWG jẹ́ nǹkan bí 8.4 mm², 4 AWG jẹ́ nǹkan bí 21 mm², nígbà tí 1/0 AWG jẹ́ nǹkan bí 53 mm². Àwọn ẹ̀mú kan ní ìlà nọ́ńbà méjì, ọ̀kan fún wáyà oní-irin kan, èkejì fún wáyà onífọ́nrán. Èyí kejì ni tiwa, nítorí wáyà onífọ́nrán máa ń sanra díẹ̀ ju oní-irin kan lọ bí nọ́ńbà wọn tilẹ̀ dọ́gba. Bí a bá ṣi ihò mú, fọ́nrán yóò gé.

Irú kejì ni èyí tí ń wọn ìsanra wáyà fúnra rẹ̀. A ó ti wáyà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, a ó fún ọwọ́ rẹ̀ pọ̀. Apá kan yóò di wáyà mú, apá kejì yóò gé èèpo, yóò sì fà á kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń yára, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tí ó dọ́gba, nítorí náà òun ni ó yẹ ẹni tí yóò bó wáyà ogún tàbí ọgbọ̀n lóòjọ́. Ẹ wò ó bóyá ó ní ìdè kékeré tí a fi ń pinnu agbára tí yóò fi di wáyà mú, àti ìdíwọ̀n tí ń jẹ́ kí gígùn ibi tí a bó dọ́gba nígbà gbogbo. Èèpo tí ó rọ̀ bí sílíkónì máa ń yọ́ bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, ẹ dán an wò lára irú wáyà yín kí ẹ tó san owó.

Irú kẹta wà fún wáyà ńlá tí ó ti ara bátìrì wá. Ẹ̀mú kékeré kò lè bó 4 AWG láìfi ojú bàbà ṣọgbẹ́. Ọ̀bẹ kékeré tí ó ní ẹnu yíyí ni a ń lò: a ó gbé e sórí wáyà, a ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, a ó sì fa èèpo náà yọ. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀bẹ wọlé dé ìsàlẹ̀ èèpo. Bí ó bá ku fẹ́lẹ́, ọwọ́ yóò já ìyókù. Ẹ tún ra ohun ìgéwáyà tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀, nítorí ayùn irin a máa fa fọ́nrán káàkiri, wọn kì í sì fẹ́ wọ inú tẹ́mínà mọ́.

Títẹ̀ tí kì í tú

Ní ọdún 1941 ni Uncas Whitaker dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, èyí tí ayé wá mọ̀ sí AMP, tí ó ń ṣe tẹ́mínà tí a ń tẹ̀ mọ́ wáyà láìlo òjé fún ọkọ̀ òfurufú àti ọkọ̀ ojú omi. Ẹ wo ibi tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀: ibi tí gbogbo nǹkan ti ń gbọ̀n, tí omi àti iyọ̀ sì wà. Òjé a máa fà wọ àárín fọ́nrán, yóò sì sọ wáyà tí ó rọ̀ di igi gbígbẹ. Níbi tí líle rẹ̀ bá parí sí ni gbígbọ̀n ti máa ń kán an. Títẹ̀ rere kò ní àléébù yẹn. Ó ń fún fọ́nrán àti tẹ́mínà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fi ní rí àyè wọ àárín wọn, ibi tí afẹ́fẹ́ kò bá sì ti wọ̀, ìpẹtà kò lè wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí a tẹ̀ ni ó dì. Ẹ̀mú pẹlẹbẹ olówó pọ́ọ́kú, èyí tí ó ń gé, tí ó ń bó, tí ó sì tún ń tẹ̀, agbára ọwọ́ ẹni tí ó dì í mú ni ó gbára lé. Ní òwúrọ̀ ọwọ́ le, ní ìrọ̀lẹ́ ó ti rẹ̀, oríkèé àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ kò sì ní dọ́gba. Èyí tí mo ń gbà yín níyànjú láti rà ni ẹ̀mú oní-ráṣẹ́ẹ̀tì. Eyín irin wà nínú rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí ó ṣí sílẹ̀ àyàfi bí a bá tẹ̀ ẹ́ dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Bí ó bá ti ṣí, ẹ mọ̀ pé títẹ̀ náà pé. Ẹ rí i dájú pé ó ní ìdè ìtúsílẹ̀ kékeré, kí ẹ lè gba tẹ́mínà tí ó bá há sí i lẹ́nu.

Ẹnu ẹ̀mú náà gbọ́dọ̀ bá tẹ́mínà mu, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Tẹ́mínà tí ó ní ẹ̀wù rọ́bà máa ń ní àwọ̀ mẹ́ta: pupa fún wáyà 0.5 sí 1.5 mm², búlúù fún 1.5 sí 2.5 mm², yẹ́lò fún 4 sí 6 mm². Àmì àwọ̀ kan náà máa ń wà lẹ́nu ẹ̀mú tí a ṣe fún wọn. Tẹ́mínà tí kò ní ẹ̀wù, tí ó ní ìyẹ́ méjì tí ó ṣí sílẹ̀, irú èyí tí ó wà nínú pọ́lọ́ọ̀gì ẹ̀yìn rédíò, ẹnu mìíràn ni ó ń fẹ́: ìyẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ ká wọ inú, kí wọ́n sì gún àárín fọ́nrán. Ẹnu tí a ṣe fún oní-ẹ̀wù yóò kàn pẹ̀tẹ̀ wọn ni. Ojú amplifáyà tí a ń fi ìdè dè, kọ́lọ́fín bàbà kékeré ni ó yẹ kí a fi bo orí fọ́nrán rẹ̀, òun náà sì ní ẹ̀mú tirẹ̀. Nítorí èyí, ẹ̀mú oní-ráṣẹ́ẹ̀tì kan tí ó ní ẹnu mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a ń pààrọ̀ sàn ju ẹ̀mú mẹ́ta tí kò dára lọ.

Tẹ́mínà ńlá ti bátìrì kò sí nínú èyí. Ẹ̀mú ọlọ́wọ́ gígùn tàbí èyí tí ń fi òróró inú rẹ̀ tẹ nǹkan bíi jáàkì ni ó lè tẹ 4 AWG àti 1/0 AWG. Bí owó kò bá tó, irin ìtẹ̀ kan wà tí a ń fi òòlù lù. Lórí ilẹ̀ líle, pẹ̀lú sùúrù, ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó ṣeé gbára lé. Kí a fi píláyà fún tẹ́mínà ńlá pọ̀, a kàn ń tan ara wa jẹ ni.

Ẹ yẹ wáyà wò pẹ̀lú

Ẹ̀mú tí ó dára jù kò lè tún wáyà burúkú ṣe. Ọ̀pọ̀ wáyà amplifáyà tí ń dán lọ́jà jẹ́ alumíníọ́mù tí a fi bàbà fẹ́lẹ́ bò lójú. Ẹ fi ọ̀bẹ ha fọ́nrán kan: bí inú rẹ̀ bá funfun, òun nìyẹn. Agbára rẹ̀ láti gbé iná jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti bàbà tí ìsanra wọn dọ́gba, ó sì tún ń tètè kán. Kì í ṣe pé kò ṣeé lò rárá, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò lò ó gbọ́dọ̀ ra èyí tí ó nípọn ju ti bàbà lọ, kí ó sì mọ̀ pé òun rà á.

Ìdánwò kí ẹ tó sanwó

Ẹ mú wáyà àlòkù díẹ̀ àti tẹ́mínà mélòó kan lọ́wọ́ lọ sí ọjà. Ẹ pa ẹnu ẹ̀mú dé, kí ẹ sì gbé e sójú ìmọ́lẹ̀: bí ẹ̀gbẹ́ kan bá pàdé tí ẹ̀gbẹ́ kejì sì ṣí sílẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ bó wáyà kan, kí ẹ ka fọ́nrán tí ó bọ́ sílẹ̀. Kò yẹ kí ọ̀kan bọ́. Ẹ tẹ tẹ́mínà mọ́ ọn, kí ẹ fi gbogbo agbára ọwọ́ fà á. Bí ó bá yọ, ọjà náà kò yẹ fún yín, orúkọ yòówù kí a kọ sí i lára. Orúkọ rọrùn láti tẹ̀ sára irin. Ẹ̀mú tòkunbọ̀ láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ gidi lè sàn ju tuntun tí a kò mọ bàbá rẹ̀ lọ, bí ó bá yege nínú ìdánwò kan náà.

Bí ẹ kò bá ní ṣe iṣẹ́ náà fúnra yín, ìmọ̀ yìí ṣì jẹ́ tiyín. Kí ríwáyà tó fọwọ́ kan ọkọ̀, ẹ bi í tìtẹríba-tìtẹríba pé: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ó fi tẹ tẹ́mínà bátìrì yìí?” Ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ yóò fi ayọ̀ gbé ẹ̀mú rẹ̀ jáde. Ẹni tí ó bá bínú sí ìbéèrè náà ti dáhùn. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí orin dún kíkankíkan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ pa á, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìtòsí oríkèé kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá gbóná ju wáyà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ kò dì. Bí ẹ bá sì gbóòórùn rọ́bà nígbà tí ẹ ń wa ọkọ̀, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí gbogbo ènìyàn sọ̀ kalẹ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó ni 767 àti 112.

Fún ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ fi iṣẹ́ yìí jẹun, ètò rírà tí mo rò pé ó dára nìyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀mú ìbówáyà oníhò tí ó mú, àti ẹ̀mú ìtẹ̀wáyà oní-ráṣẹ́ẹ̀tì kan tí ẹnu rẹ̀ ṣeé pààrọ̀. Bí iṣẹ́ amplifáyà bá bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, ẹ̀mú ńlá fún tẹ́mínà bátìrì àti ohun ìgéwáyà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀mú ìbówáyà tí ń wọn ìsanra fúnra rẹ̀, nítorí àkókò ni ó ń rà fún yín. Ẹ má yá ẹ̀mú ìtẹ̀wáyà lò títí lọ. Alágbẹ̀dẹ tí kò ní ẹ̀mú, ọmọ ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni títí ayé.

Kò sí ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ yín tí yóò yin oríkèé wáyà. Amplifáyà ni wọn yóò yìn, wúfà ni wọn yóò béèrè iye rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ní òru, nígbà tí ẹ bá ń gba Mile 2 padà sílé, tí àwọn ọmọ ti sùn lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ̀yin yóò mọ̀ pé ohun tí ó wà lábẹ́ àga wọn tutù. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.